Bí a ṣe ń yẹ àwòrán ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún wò, tí a sì ń díyelé e, kí ó tó dé orí gbàǹjo

Ní ọdún 2003, ilé gbàǹjo Bukowskis ní ìlú Stockholm ta àwòrán kan tí Marinus Koekkoek, ará Nẹ́dálándì, yà, ní nǹkan bí 65,000 dọ́là. Igbó àti odò kékeré ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú olùṣọ́-àgùntàn àti àgùntàn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2004, àwòrán yìí kan náà ti dé ilé gbàǹjo Sotheby's ní Lọ́ńdọ̀nù. Olùṣọ́-àgùntàn ti pòórá, àgùntàn ti pòórá, orúkọ Ivan Shishkin, ọ̀gá àwọn tó ń ya igbó ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni ó sì wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Tretyakov ní Moscow. Iye tí wọ́n fojú bù fún un jẹ́ láti 550,000 sí 700,000 pọ́ùn. Díẹ̀ ló kù kí títà bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò.

Ìtàn yìí ni kí ẹni tó fẹ́ yẹ àwòrán Rọ́ṣíà wò fi sọ́kàn kí ó tó fọwọ́ kan férémù. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú irú àwòrán yìí kì í sábà fi ọ̀dà tuntun ya nǹkan tuntun. Wọ́n máa ń ra àwòrán àtijọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, iṣẹ́ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì, Jámánì tàbí Nẹ́dálándì tí wọ́n gbé ayé ní sáà kan náà. Wọ́n á pa orúkọ ẹni tó yà á rẹ́, wọ́n á kun ohun tó bá ń tú àṣírí ìlú rẹ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ ará Rọ́ṣíà sí i. Kánfáàsì náà gbó ní tòótọ́, ọ̀dà rẹ̀ gbó, ó sì sán bí àwòrán tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe ń sán. Ọwọ́ ìyàwòrán pàápàá jọra, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá Rọ́ṣíà lọ kọ́ṣẹ́ ní òkèèrè: Shishkin fúnra rẹ̀, tí a bí ní 1832 tí ó sì kú ní 1898, lo àkókò ní Düsseldorf ní Jámánì. Nítorí náà, a kò lè torí pé àwòrán kan gbó kí a gbà pé ọwọ́ ará Rọ́ṣíà ló ti wá. Èrò tèmi ni pé kí a fi orúkọ tó wà lára àwòrán ṣe ohun tí a ó gbà gbọ́ kẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ bá.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ̀yìn àwòrán

Ẹ yọ àwòrán náà kúrò nínú férémù. Bí ọ̀dà rẹ̀ kò bá ń ṣí, ẹ lè dojú rẹ̀ dé orí aṣọ rírọ̀. Bí ó bá ń ṣí, ẹ gbé e dúró, kí ẹnìkan bá yín dì í mú. Ẹ wọn gígùn àti ìbú rẹ̀ láìsí férémù, kí ẹ ya fọ́tò gbogbo igun ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé ilé gbàǹjo tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè fọ́tò ẹ̀yìn bó ṣe ń béèrè ti iwájú.

Ẹ wo igi tí wọ́n na kánfáàsì mọ́ àti ìṣó tó dì í mú. Pín-ìnnì òde òní lórí igi funfun tuntun kì í ṣe ẹ̀sùn fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn alátùn-ún-ṣe máa ń pààrọ̀ igi tó bá ti jẹrà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a lè sọ ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ àti ìgbà tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo etí kánfáàsì: bí ọ̀dà ìpìlẹ̀ bá dé ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n sì ti gé ẹ̀gbẹ́ kejì kúrò, ó ṣeé ṣe kí orúkọ ẹlòmíràn ti bá ibi tí wọ́n gé náà lọ.

Òǹtẹ̀ ẹni tó ta kánfáàsì níye lórí. Ilé ìtajà Daziaro ní Moscow àti St. Petersburg máa ń ta ohun èlò fún àwọn ayàwòrán, Avanzo náà sì wà ní Moscow, a sì máa ń rí òǹtẹ̀ wọn lẹ́yìn àwọn iṣẹ́ àtijọ́. Bí a bá rí òǹtẹ̀ oníṣòwò Copenhagen lẹ́yìn àwòrán tí wọ́n sọ pé wọ́n yà ní abúlé kan nítòsí Moscow, ó di dandan kí a béèrè bí ó ṣe dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń fura sí àwòrán tí wọ́n lẹ kánfáàsì tuntun mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ti àtijọ́ kò ya, tí kò sì rọ̀. Lẹ́ẹ̀mọ́ bẹ́ẹ̀ a máa gba àwòrán tó ti bàjẹ́ là. Ó sì máa ń bo òǹtẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi, nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ, òǹtẹ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, gbogbo wọn ni kí ẹ kọ sílẹ̀ bí ẹ ṣe rí wọn, kí ẹ má sì ṣe fọ ọ̀kankan. Ẹ fi wọ́n wé ìtàn. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán tó ń gbé àfihàn kiri, tí wọ́n ń pè ní Peredvizhniki, dá sílẹ̀ ní 1870, àfihàn wọn àkọ́kọ́ sì wáyé ní St. Petersburg ní 1871. Ìwé tó bá sọ pé àwòrán kan wà nínú àfihàn wọn ní 1868 ti já ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ojú rẹ̀, àti ohun tó wà níbẹ̀

Ẹ wo ojú àwòrán ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, lẹ́yìn náà kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí iná rẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan ojú ọ̀dà. Níbi tí wọ́n bá ti kun nǹkan mọ́lẹ̀, ọ̀dà máa ń ga ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí kí ó dán lọ́nà mìíràn, tàbí kí ìlà sísán dédé dúró bí ẹni pé odi ni ó kọlù. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ṣú yàrá, kí ẹ tan iná ultraviolet, irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí, tó ń mú kí àwọn nǹkan kan máa tàn. Fáníìṣì àtijọ́ tí wọ́n fi oje igi ṣe máa ń tàn ní àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kun orí rẹ̀ á sì dúdú. Bí dúdú náà bá tò káàkiri níbi ihò kéékèèké, àtúnṣe ni. Bí ó bá kó jọ sí ibi kan ní àárín ọ̀nà tàbí lẹ́bàá odò, ní ìwọ̀n ènìyàn kan tàbí ẹran mélòó kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí olùṣọ́-àgùntàn Koekkoek ni kí ẹ rántí.

Ẹ tún bi ara yín bóyá ohun tí wọ́n yà jẹ́ ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà lóòótọ́. Irú òrùlé ilé, bí wọ́n ṣe kọ́ ọgbà, aṣọ àwọn obìnrin, bí òkè ṣe rí, ọkọ̀ ojú omi àti àsíá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń yí àwòrán padà mọ èyí, ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ràn igbó àti odò tí kò ní ilé tí kò sì ní ènìyàn nínú.

Ipò ara àwòrán wọ ìgbésẹ̀ yìí pẹ̀lú, nítorí pé owó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán sáà náà lo ọ̀dà dúdú tí a fi ọ̀dà-ilẹ̀ bí kóòtá ṣe, èyí tí kì í gbẹ tán: ó máa ń fà ya ní ìlà fífẹ̀, ó sì máa ń mú àwòrán ṣókùnkùn. Àwòrán òṣùpá lórí odò Dnieper tí Arkhip Kuindzhi yà ní 1880 ti ṣókùnkùn ju bí àwọn tó kọ́kọ́ rí i ṣe bá a lọ nítorí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀. Àléébù bẹ́ẹ̀ ń dín iye kù, ṣùgbọ́n kì í tako òtítọ́ àwòrán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìbuwọ́lù

Ẹ mú awò amú-nǹkan-tóbi, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹ wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan níbi tó ti kọjá lórí ìlà sísán. Bí ayàwòrán bá kọ orúkọ rẹ̀ nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù, lẹ́tà náà á sán pẹ̀lú ọ̀dà abẹ́ rẹ̀. Ìlà sísán á gé e sí méjì, etí méjèèjì á mọ́ rekete. Bí ẹlòmíràn bá kọ ọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀dà lẹ́tà á ṣàn wọ inú ihò sísán, ẹ ó sì rí i níbẹ̀ bí omi ṣe ń wọ inú ilẹ̀ tó ti là nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ wò ó bákan náà bóyá fáníìṣì àtijọ́ wà lábẹ́ lẹ́tà náà, nítorí pé ìbuwọ́lù tó wà lórí fáníìṣì dé lẹ́yìn fáníìṣì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ. Kí Rọ́ṣíà tó tún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe ní 1918, orúkọ tó bá parí sí kọ́ńsónáǹtì máa ń ní lẹ́tà ъ ní ìparí rẹ̀: Шишкинъ, Рѣпинъ, Левитанъ (ìyẹn Shishkin, Repin àti Levitan). Айвазовскій ni wọ́n sì ń kọ orúkọ Aivazovsky, pẹ̀lú lẹ́tà і tí àkọtọ́ tuntun ti pa tì. Ìbuwọ́lù tó gba ìrísí òde òní lórí àwòrán tí wọ́n sọ pé ó jẹ́ ti 1875 yẹ kí ó dá yín dúró. Àìsí lẹ́tà yìí nìkan kò tó fi dá ẹjọ́, nítorí pé ayàwòrán lè gé orúkọ rẹ̀ kúrú, àwọn mìíràn sì ń fi lẹ́tà Látìnì kọ ọ́ fún àwọn oníbàárà òkèèrè.

Ivan Aivazovsky, ayàwòrán òkun, yẹ fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí pé orúkọ rẹ̀ wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù lórí ayédèrú àti lórí ojúlówó. Ará Armenia ni, a bí i ní Feodosia ní Crimea ní 1817, ó kú síbẹ̀ ní 1900, wọ́n sì máa ń sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bí 6,000. Gaivazovsky ni orúkọ ìdílé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1841 ni wọ́n yí i padà. Nítorí náà, àwòrán òkun tó ní ọdún 1836 lára, tí orúkọ tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ Aivazovsky, ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ wo ìgbì rẹ̀ dáadáa: nínú ojúlówó, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú orí ìgbì kọjá nítorí pé ó tẹ́ ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ lórí èyí tó mọ́lẹ̀, ojú ọ̀run rẹ̀ sì ń yọ̀ láti àwọ̀ kan sí èkejì láìsí ojúuran. Ayédèrú máa ń fi ọ̀dà funfun lásán ṣe ìfófòó, ìgbì náà á wá wúwo bí ògiri. Ojú tó ti wo ojúlówó púpọ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń mọ ìyàtọ̀ yìí, kò sì sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: yàrá àyẹ̀wò

Bí àwòrán bá ti kọjá ìgbésẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyí, tí orúkọ náà sì tó orúkọ tí owó ńlá wà lórí rẹ̀, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ohun tí wọ́n fi kun ún. Àwọn ọdún kan wà tí ó yẹ kí ẹ há sórí. Ọ̀dà búlúù ultramarine tí ènìyàn ṣe jáde ní 1828. Ọ̀dà ewé viridian gba ìwé àṣẹ ní 1859. Ọ̀dà funfun titanium kò dé ọjà ṣáájú nǹkan bí 1916, ọ̀dà pupa cadmium sì dé ní nǹkan bí 1910. Búlúù phthalocyanine di ti àárín ọdún 1930 sí 1939. Kí ó tó di pé titanium dé, òjé àti síǹkì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà funfun. Bí titanium bá wà nínú àtúnṣe kékeré kan létí, kò burú. Bí ó bá wà nínú àwọsánmà tàbí nínú ìbuwọ́lù, ọ̀rọ̀ ti parí. Fọ́nrán kánfáàsì tàbí ìwé tó bá ń tàn búlúù mímọ́ lábẹ́ iná ultraviolet ní èròjà tó ń mú nǹkan funfun, èyí tí kò wọ́pọ̀ ṣáájú nǹkan bí 1950.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ọ̀dà nìkan kò lè mú àwòrán Koekkoek, nítorí pé sáà kan náà ni òun àti Shishkin. Ẹ sọ fún yàrá àyẹ̀wò ní gbangba pé kí wọ́n ya ẹ́ksíréè àti fọ́tò infrared (èyí tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí yà) gbogbo ojú àwòrán, kí ó má jẹ́ igun kan péré. Ẹ́ksíréè máa ń fi òjé hàn, nípa bẹ́ẹ̀ ènìyàn àti ẹran tí wọ́n kun mọ́lẹ̀ máa ń jáde. Infrared máa ń fi ìlà pẹ́ńsù tó wà lábẹ́ ọ̀dà hàn, nígbà mìíràn pẹ̀lú orúkọ àkọ́kọ́. Ẹ ní kí wọ́n mú èròjà díẹ̀ láti ara ìbuwọ́lù pẹ̀lú. Ní ọdún 2005, ilé gbàǹjo Christie's ta àwòrán Odalisque tí wọ́n sọ pé Boris Kustodiev, ayàwòrán Rọ́ṣíà, yà ní 1919, ní nǹkan bí 1.7 mílíọ̀nù pọ́ùn; ní 2012, ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé ó ṣeé ṣe jù pé kì í ṣe ọwọ́ Kustodiev, wọ́n sì ní kí wọ́n dá owó náà padà. Ọ̀dà tí wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò nínú ẹjọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọwọ́ tí ó ti gbà kọjá

Ìtàn ìní máa ń yẹ kí ó so mọ́ ohun tí a mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Fún àwọn àwòrán tó wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mélòó kan wà tí ìtàn jẹ́rìí sí. Vasily Vereshchagin, ayàwòrán Rọ́ṣíà, ta ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní gbàǹjo ní New York ní 1891. Aivazovsky fúnra rẹ̀ dé Amẹ́ríkà ní 1892 sí 1893, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí àfihàn àgbáyé ní Chicago. Wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán Rọ́ṣíà lọ sí àfihàn St. Louis ní 1904. Ọ̀pọ̀ wọn kò padà sílé, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ló tà wọ́n, wọ́n sì fọ́n ká. Àwòrán tó ti ilé àgbàlagbà kan ní California jáde lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ wé ìwé àfihàn náà.

Ní Yúróòpù, ẹ béèrè nípa ọdún 1917 sí 1945 láìtijú. Ìjọba Soviet gba ohun ìní àwọn ọlọ́lá, wọ́n sì tà nínú rẹ̀ fún òkèèrè láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Antikvariat. Àwọn ọmọ ogun Násì kó tiwọn nígbà ogun. Ẹ jẹ́ kí Art Loss Register, àjọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n jí tàbí tó sọnù, yẹ̀ ẹ́ wò. Àwòrán tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Rọ́ṣíà jáde láìsí ìwé àṣẹ ìjáde kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹ fi orúkọ yín sí. Bí ẹ bá ń ka lẹ́tà àtijọ́, ẹ rántí pé kàlẹ́ńdà Rọ́ṣíà ní sáà náà fi ọjọ́ 12 wà lẹ́yìn ti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, kí ẹ má baà fi ọjọ́ méjì tó tako ara wọn pe ìwé òtítọ́ ní irọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìwé ẹ̀rí àti àwọn onímọ̀

Ìwé ẹ̀rí ti ilé Tretyakov ló ń ta àwòrán fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí àṣírí fi tú pé àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti fi ìwé sí ayédèrú púpọ̀. Láti nǹkan bí 2006 ni wọ́n ti dẹ́kun fífún àwọn oníṣòwò ní ìwé bẹ́ẹ̀. Vladimir Petrov, onímọ̀ nípa àwòrán sáà yìí, wà lára àwọn tó tú ọ̀rọ̀ náà síta, láti ọdún 2007 ni wọ́n sì ti ń tẹ ìwé tó ń fi àwòrán tí a tà ní ìwọ̀-oòrùn hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe padà yọ lábẹ́ orúkọ ará Rọ́ṣíà. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí onímọ̀, ẹ wá ìwé wọ̀nyí, kí ẹ sì wá fọ́tò àwòrán yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú àkọsílẹ̀ gbàǹjo Dẹ́ńmáàkì, Súwídìn, Jámánì àti Nẹ́dálándì. Iṣẹ́ yìí kò gbówó lórí, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ àdánù. Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ onímọ̀, ẹ mú èsì àyẹ̀wò dání, kí ẹ béèrè ìdí tó fi sọ ohun tó sọ. Ìwé tó kọ "ojúlówó ni" láìsọ ìdí kò wúlò fún mi.

Ìgbésẹ̀ keje: iye rẹ̀

Bí ó ṣe dá wa lójú tó ni iye ṣe ń ga tó. Ìwé gbàǹjo máa ń kọ orúkọ ayàwòrán lásán nígbà tí ilé gbàǹjo bá gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ni. Tí wọn kò bá fi bẹ́ẹ̀ dá ara wọn lójú, wọ́n á ní wọ́n "kà á sí" tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ rẹ̀, agbo rẹ̀, ẹni tó tẹ̀lé e, àti ẹ̀dà tí ẹlòmíràn yà láti ara tirẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni owó ń já wálẹ̀ gan-an.

Ẹ kó àwòrán bíi mélòó kan jọ tí ayàwòrán náà yà, tí wọ́n tà láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí ohun tó wà nínú wọn, ìwọ̀n wọn àti sáà wọn sún mọ́ tiyín. Iye tí òòlù balẹ̀ lé, ìyẹn iye tí wọ́n pè kẹ́yìn ní gbàǹjo, yàtọ̀ sí iye tí ẹni tó rà á san lápapọ̀, nítorí owó orí tí ilé gbàǹjo ń gbà. Ẹ má ṣe pa méjèèjì pọ̀. Ẹ má sì fi iye tó ga jù lọ ṣe òṣùwọ̀n. Àwòrán Constantinople àti Bosphorus tí Aivazovsky yà ní 1856 mú lé ní 3.2 mílíọ̀nù pọ́ùn wọlé ní Sotheby's ní 2012, ṣùgbọ́n àwòrán ńlá ni, ìlú tí àwọn olówó ń wá ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì wá láti sáà tó dára jù fún un. Àwòrán òkun kékeré tó yà ní ọjọ́ ogbó kò sí nínú agbo yẹn.

Ọjà náà ti yí padà. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní oṣù kejì 2022, Sotheby's, Christie's àti Bonhams fagi lé gbàǹjo Rọ́ṣíà tí wọ́n ti ṣètò fún oṣù kẹfà ọdún náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Iye tó ti wà ṣáájú ìgbà náà kò ṣeé gbé lé lásán mọ́. Ibi tí wọ́n bá to àwòrán sí ti di ọ̀rọ̀ pẹ̀lú: Ilya Repin, ayàwòrán, wá láti Chuhuiv, Kuindzhi láti Mariupol, méjèèjì ní ilẹ̀ Ukraine ti òní, Metropolitan Museum ní New York sì ti pè wọ́n ní ará Ukraine láti 2023. Ẹ bá ilé gbàǹjo sọ ọ́ bóyá kí wọ́n fi tiyín sínú títà àwòrán Yúróòpù ọ̀rúndún kọkàndínlógún, níbi tí àwọn olùrà ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé

Ẹ jẹ́ kí iye ìfojúbù wà nílẹ̀ díẹ̀, nítorí pé àwòrán tí kò rí ẹni rà nítorí iye tó ga jù máa ń gbé àbùkù yẹn kiri fún ọdún púpọ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ kò gbọdọ̀ tà á sílẹ̀ sí, èyí tí kì í kọjá ìsàlẹ̀ iye ìfojúbù. Ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó fọ́tò, ìbánigbófò, ìkẹ́rù àti àyẹ̀wò bí wọ́n bá yọ àwòrán náà kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé orúkọ olùtà kò sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ìjọba fòfin dè. Sotheby's àti Christie's máa ń fún olùrà ní ọdún márùn-ún láti dá ayédèrú padà. Fún ọdún márùn-ún yẹn, wọ́n lè wá béèrè owó lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ pa gbogbo fọ́tò, èsì ẹ́ksíréè àti lẹ́tà mọ́, ẹ má sì ná gbogbo owó náà tán.